Èèrà ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà àbùjá han kọ̀ǹpútà

Àwọn kan a máa sọ pé ara ẹyẹ ni àwọn ẹnjiníà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìṣe ẹranko wá ètò tó dára jù fún iṣẹ́ wọn. Èmi ò gbà. Èèrà ni. Kódà, bí a bá tú u dé gbòǹgbò, ikán ni.

Ní 1959, Pierre-Paul Grassé, onímọ̀ ẹranko ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé nípa bí ikán ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ń tún ilé wọn mọ. Kò rí ọ̀gá kankan tó ń pín iṣẹ́. Amọ̀ tí ikán kan bá gbé kalẹ̀ ló ń fa èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn láti lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn. Mo fura pé àwọn àgbẹ̀ wa tó ń wó ògán lóko, tí wọ́n sì ń bá a lódindi nígbà tí wọ́n bá padà dé, ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa kí Grassé tó dé. Wọn ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ọgbọ́n kan náà ni èèrà ń lò. Ní 1989, Jean-Louis Deneubourg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels ṣe afárá oníọ̀nà méjì sáàárín ilé èèrà àti oúnjẹ, ọ̀nà kan gùn ju èkejì lọ. Èèrà tó bá gba ọ̀nà kúkúrú tètè ń padà, òórùn tó ń fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà sì tètè ń le sí i. Òórùn tó le jù ni àwọn yòókù ń tọ̀, títí ọ̀nà gígùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá páropáro. (Ọmọdé tó bá ti fi ìka nu ojú ọ̀nà èèrà lára ògiri rí mọ òórùn yẹn: gbogbo wọn á dàrú.) Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà kúkúrú pa mọ́ títí di ìgbà tí ọ̀nà gígùn ti mọ́ èèrà lára, ọ̀pọ̀ wọn ò yà síbẹ̀ mọ́. Òórùn àtijọ́ ti dè wọ́n.

Ibẹ̀ ni Marco Dorigo, ní Milan, ti rí iṣẹ́ ṣe. Òun, Alberto Colorni àti Vittorio Maniezzo gbé èèrà inú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ètò tó ń ṣe bí èèrà, jáde ní 1991, Dorigo sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1992. Wọ́n ní kí èèrà náà wá ọ̀nà tó kúrú jù tí oníṣòwò lè gbà yí ìlú púpọ̀ po, kó má dé ìkankan lẹ́ẹ̀mejì, kó sì padà sílé. Òórùn tiwọn ń yára gbẹ, kí ọ̀nà tí kò dáa má baà di bárakú. Nígbà tó yá, àwọn ẹnjiníà ń fi í yan ìwọ̀n páìpù omi ìlú, kí owó má baà ṣòfò.

Ẹyẹ ńkọ́? 1995 ni James Kennedy àti Russell Eberhart gbé ètò tiwọn tó ń ṣe bí agbo ẹyẹ dé. Ó rọrùn láti lò, àmọ́ àbúrò ni.

Lẹ́yìn náà ni irú ètò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹranko sọ lórúkọ, kún ọjà: oyin Karaboga láti Tọ́kì ní 2005, ìkookò ní 2014, ẹfọ̀n Julius Odili, ọmọ Nàìjíríà, ní 2015, àbùùbùtán ní 2016. Ní 2015 kan náà ni Kenneth Sörensen, ará Bẹ́ljíọ̀mù, fi ìbínú kọ̀wé pé púpọ̀ nínú wọn kò ju ọgbọ́n àtijọ́ tí wọ́n sọ lórúkọ ẹranko tuntun. Mo gbà fún un, níwọ̀n bí kò bá ti ka èèrà mọ́ wọn.