Bí A Ṣe Ń Múra Ìrìnàjò sí Àwọn Pápákọ̀ Òfurufú Ìgbà Ogun, Bẹ̀rẹ̀ láti Ìkẹjà

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n la pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala Muhammed ní 1976 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, ilé èrò òkè-òkun tuntun sì ṣí ní 1979, débi pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń wọ bàálù níbẹ̀ lóde òní kò mọ̀ pé ogun ló bí i. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo irú ibi bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ wádìí ohun tó mú kí wọ́n la pápákọ̀ náà, kó tó wá bèèrè ẹni tó ni ilẹ̀ náà báyìí.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà 1940, nígbà tí Ítálì wọ ogun tí òkun Mẹditaréníà sì di ibi eléwu fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ogun wọn ní Íjíbítì ń wá bàálù lójú méjèèjì. Wọ́n wá ń kó bàálù sínú àpótí ńláńlá, ọkọ̀ ojú omi ń gbé wọn lọ sí Takoradi ní ilẹ̀ Ghana, àwọn oníṣẹ́ ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ń fò wọ́n gba Èkó, Kánò àti Maiduguri, wọ́n ń la Chad àti Sudan kọjá títí wọ́n fi dé ẹ̀bá Káírò. Ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án 1940 ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra: bàálù ìjà Hurricane mẹ́fà, bàálù ajubọ́ǹbù Blenheim kan sì ṣíwájú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jókòó nínú Hurricane. Epo rẹ̀ kì í gbé e jìnnà, awakọ̀ rẹ̀ kò sì lè dá wá ọ̀nà lórí igbó àti aṣálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pápákọ̀ fi ní láti tò tẹ̀léra wọn lójú ọ̀nà náà. Kí 1943 tó parí, bàálù tó gbà á kọjá ti lé ní 5,000.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ló le jù. Pápákọ̀ Ìkẹjà ṣì ń ṣiṣẹ́, ibùdó ọmọ ogun òfurufú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin tó ti wà láti 1962 ka yíya fọ́tò ibi tí ìjọba ń ṣọ́ léèwọ̀ fún ẹni tí kò gba àṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé kámẹ́rà dúró sídìí ọgbà. Ọ̀nà tó dára jù, tí owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan sì tó fún, ni kí èèyàn wọ bàálù Èkó sí Kánò lọ́sàn-án, kó jókòó sídìí fèrèsé. Apá kan nínú ọ̀nà tí àwọn Hurricane gbà gan-an nìyẹn, ilẹ̀ tí wọ́n rí ló máa rí, láti orí igbó títí dé pápá gbígbẹ òkè Ọya. Kó má lọ lásìkò tí eruku ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, nítorí kò ní rí nǹkan kan, wọ́n sì lè sún ìrìnàjò síwájú.

Àwọn ìwé ìgbà náà ṣì wà. Ibi ìkówèésí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ní ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ àwọn ọ̀wọ́ bàálù, lábẹ́ àmì AIR 27. AIR 28 ni ti àwọn ibùdó. Ìwé ìjọba amúnisìn nípa Nàìjíríà wà ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì. Ẹni tó bá ní orúkọ ọmọ ogun kan lọ́wọ́ lè wá a lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ tó ń tọ́jú sàréè ogun (Commonwealth War Graves Commission), lẹ́yìn náà kó lọ sí ìtẹ́ òkú Àtàn ní Yaba, níbi tí wọ́n sin díẹ̀ nínú wọn sí. Kó tó lọ ni kó kọ nọ́ńbà sàréè sílẹ̀, torí ìtẹ́ náà tóbi.

Maiduguri ń fẹ́ ìbéèrè nípa ààbò lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Takoradi rọrùn jù ú lọ: ọkọ̀ ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá Kútọnu àti Lomé dé Accra, kí èèyàn tó wá gba ibẹ̀ lọ sí Takoradi, ìwé ìrìnnà àti káàdì àbẹ́rẹ́ ibà pọ́njú sì gbọ́dọ̀ wà lápò. Àmọ́ ọmọ ogun òfurufú Ghana ṣì wà ní pápákọ̀ náà, nítorí náà lẹ́tà ìtọrọ àyè gbọ́dọ̀ ti lọ ṣáájú, kí ìdáhùn sì ti dé kí èèyàn tó sanwó ọkọ̀.