Epo kan náà la jọ ń rà, kí ló wá dé tá a fi ń bú ara wa lórí rẹ̀?

Ẹni tó bá máa ń ṣí X tàbí Facebook kó tó bọ́jú láàárọ̀ á ti bi ara rẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè yìí rí. Mo to àwọn tí mo máa ń gbọ́ jù jọ síbí. Nàìjíríà láti ọdún 2020 wá ni mò ń bá wí, torí ibẹ̀ ló ti ń ta wá lára jù.

Ìlú le fún gbogbo wa. Kí ló dé tó jẹ́ ara wa là ń dojú ìjà kọ, tí a kì í bi ẹni tó wà nípò?

Torí pé ọwọ́ wa ò tó ẹni tó wà nípò. Ẹni tó kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ tiwa ni ọwọ́ wa tó.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ epo. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo tí kò tó 200 náírà ti lé ní 480 l'Ékòó. Láàárín oṣù kẹfà, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ pé kó lọ wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tí báńkì ń ṣírò ní nǹkan bí 470 náírà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, nígbà tó fi di ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ta ni ìyẹn ò kàn? Ó kan ẹni tó dìbò fún Tinúbú, ó kan ẹni tó dìbò fún Obi, ó kan ti Àtíkù, ó kan ẹni tó sùn sílé lọ́jọ́ ìdìbò.

Wàyí o, ẹnì kan á kọ ọ́ sórí X pé owó kóńgò gààrí ti kọjá agbára òun. Ohun tó sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa fèsì á ní, "Ta lo dìbò fún?" Èkejì á ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ̀yà rẹ̀, ọmọ àgbàdo ni." Ẹ̀kẹta: "Bí ìlú ò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, gbalé yín lọ." Ẹ̀kẹrin: "Ilé ta ni kó gbà lọ?" Èsì á pé igba, kò ní sẹ́ni tó máa dárúkọ gààrí mọ́. (Fún ẹni tí kò mọ̀: àgbàdo ni àwọn alátakò fi ń bú àwọn tó ń ti Tinúbú lẹ́yìn, látìgbà tó ti sọ lọ́dún 2021 pé kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ sójà, kí wọ́n sì máa fi àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ bọ́ wọn.)

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ẹni tó dìbò fún ìjọba ò gbèjà ìjọba mọ́, ara rẹ̀ ló ń gbèjà. Tó bá fi lè gbà pé gààrí wọ́n, lójú tirẹ̀ ó ti gbà pé òun gọ̀ nìyẹn. Ẹni tí ò dìbò fún un náà ní tirẹ̀ nínú: ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó wá ń retí kẹ́nì kan wá bẹ òun. Kò sẹ́ni tó máa wá. Ìjákulẹ̀ làwọn méjèèjì ń gbé kiri, kò kàn sí ibi tí wọ́n lè sọ ọ́ kalẹ̀ sí ju orí ara wọn lọ.

Ṣebí kò rí báyìí nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ dákun, ẹ bi ẹni tó bá ti lé ní ọdún 75 n'Ìbàdàn tàbí l'Ékìtì ohun tó ń jẹ́ Wẹ́tìẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965 ni wọ́n dìbò ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n ní Calabar nígbà náà, Akíntọ́lá sì ń ṣèjọba. Wọ́n ní ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, ló wọlé, àwọn ará ìlú ní irọ́ ni. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sára ènìyàn àti ilé, wọ́n sì ń ṣáná sí i. Fóònù wo ni wọ́n fi ṣe é? Ará àdúgbò kan náà ló mọ ilé tí wọ́n máa jó. Nígbà tó fi di oṣù kìíní ọdún 1966, wọ́n ti pa Akíntọ́lá, sójà sì ti gbàjọba.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní fóònù ló kọ́ wa ní ìkórìíra, ẹ má gbà á gbọ́ pátápátá. Àwọn onímọ̀ méjì ní Denmark, Alexander Bor àti Michael Bang Petersen, wádìí ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀ àti l'Ámẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tó ń bú èèyàn nítorí òṣèlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó ṣe ń ṣe náà nìyẹn lójúkojú. Òkìkí ló ń wá, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni iye èèyàn tó ń rí i. Gbogbo ẹbí ló ní ẹnì kan tí kò lè jókòó níbi ìkómọ kó má dá òṣèlú sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ló máa ń jìyà rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti fún un ní gbohùngbohùn tó dé Ọ̀yọ́, Houston àti Peckham.

Ṣé òótọ́ ni pé gbogbo wa la ti pín sí méjì?

Rárá. Àjọ ìwádìí Pew Research Center ka ti Amẹ́ríkà lọ́dún 2019: ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà tó ń lo Twitter (orúkọ tí X ń jẹ́ nígbà náà) ló ń kọ ìdá ọgọ́rin nínú ohun tí gbogbo wọn ń kọ. Ó ku ìdá àádọ́rùn-ún, tí ọ̀pọ̀ wọn kàn ń kà, tí wọ́n ń mi orí, tí wọ́n ń tì í.

Tiwa náà, ẹ lọ wo àpótí ìbò. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ààrẹ ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023 lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó jáde ò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 25 lọ. Tinúbú tó wọlé ní 8,794,726, ìyẹn ò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Lọ́dún 2003, ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde. Ó di nǹkan bí 44 lọ́dún 2015, ó di 35 lọ́dún 2019, ó wá di 27 yìí. Ìjákulẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń wá lórí X, ibi tó ti hàn jù nìyẹn, kò sì pariwo. Ní tèmi o, ẹni tó ṣì ń jà lórí Tinúbú àti Obi ní aago méjì òru, ìrètí ṣì kù nínú rẹ̀. Ẹni tí ìrètí ti tán nínú rẹ̀ ń ṣètò ìwé ìrìnnà ni, tàbí kó ti yọ X kúrò lórí fóònù rẹ̀, kó máa wo bọ́ọ̀lù.

Ìgbà wo gan-an ló dàrú? Mo rántí pé nígbà EndSARS, a wà níṣọ̀kan.

Òótọ́ lẹ rántí. Ó sì yẹ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de lòdì sí àwọn ọlọ́pàá SARS, orí Twitter kan náà yìí, àwọn ọ̀dọ́ kan náà yìí, ni wọ́n ti ṣètò oúnjẹ, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, àti lọ́yà fún ẹni tí ọlọ́pàá bá mú. Feminist Coalition, àwọn ọ̀dọ́bìnrin lásán, kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà jọ, wọ́n sì ń kọ ọ́ síta bí wọ́n ṣe ń ná an. Ọmọ Yorùbá ń tan ẹjọ́ ọmọ Ìgbò tí SARS gbà lówó káàkiri, kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ni bàbá rẹ ti wá. Torí náà, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ló kó wa jọ nígbà yẹn.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé ibì kan ṣoṣo ni gbogbo wa kọjú sí: ọlọ́pàá SARS. Ìjọba tiẹ̀ kéde lọ́jọ́ 11 oṣù náà pé àwọn ti tú wọn ká. Lọ́jọ́ 20, sójà yìnbọn ní Lẹ́kí. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ l'Ékòó, ìgbìmọ̀ fi ìwé ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2021, ìjọba Èkó ò sì gba ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ nípa àwọn tó kú ní Lẹ́kí wọlé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ ló ti ibẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ Nàìjíríà. Àwọn tó kù gbé gbogbo ìrètí wọn lọ sínú ìdìbò 2023. Ìdìbò ọ̀hún wá gbé olùdíje mẹ́ta tó lágbára kalẹ̀, Yorùbá kan, Ìgbò kan, Fúlàní kan. Ìrètí tó wà lójú kan tẹ́lẹ̀ wá fọ́nká sí mẹ́ta. Nígbà tí ìkànnì tí àjọ INEC ní àwọn máa gbé èsì ìbò ààrẹ sí kọ̀ tí kò gbé e bí wọ́n ṣe ṣèlérí, kálukú ti mọ ẹni tó máa bú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yà ni gbogbo rẹ̀ máa ń já sí?

Torí pé orúkọ nìkan lẹ máa ń rí lára ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá jà. Ẹ ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ò mọ bóyá ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹ rí Chinedu tàbí Kúnlé, ẹ sì gba ibẹ̀ wọlé.

L'Ékòó, Obi fi ìbò 582,454 borí Tinúbú tó ní 572,606. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ìdìbò gómìnà. Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour, tó ń bá Gómìnà Sanwó-Olú du ipò lábẹ́ ẹgbẹ́ Obi, wá di ẹni tí wọ́n ń wá ìdílé ìyá rẹ̀ kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì: wọ́n ní ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, nítorí náà kì í ṣe Yorùbá. Láti ìgbà wo? Yorùbá tó mọ̀ pé ilé bàbá ọmọ la fi ń ka ọmọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìbò ló sọ àṣà dìdàkudà. Ìhà kejì náà ò mọ́ o. Ẹni tó ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ pé Èkó ò ní onílẹ̀ mọ ohun tí òun ń tọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí fóònù: wọ́n lé èèyàn kúrò nílé ìdìbò torí pé ojú wọn jọ ti Ìgbò, Yorùbá sì wà lára àwọn tí wọ́n lé.

Wọ́n ní àwọn kan ń rí owó nínú èébú yìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, apá tí kì í jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín nìyẹn. Oṣù keje ọdún 2023 ni X bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó fún àwọn tó ń sanwó oṣooṣù fún Premium, tí ohun tí wọ́n kọ sì dé iwájú àwọn èèyàn ní ọ̀pọ̀ ìgbà mílíọ̀nù. Ìpolówó tó bọ́ sáàárín àwọn èsì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ ronú sí i: bí èsì bá ṣe pọ̀ sí lowó ṣe ń pọ̀ sí, kò sì sí ohun tó ń fa èsì bíi ká bú ẹ̀yà ẹlòmíì. Facebook ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Lọ́dún 2017, ojú tó ń bínú tí wọ́n máa ń tẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ níye lójú ẹ̀rọ wọn ní ìlọ́po márùn-ún "like", wọ́n dín in kù lẹ́yìn náà, ọdún 2020 ni wọ́n tó sọ ọ́ di òfo.

Ẹ wá fi náírà kún un. Ọgọ́rùn-ún dọ́là tí kò tó 50,000 náírà ní báńkì kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ti lé ní 150,000 láàárín ọdún 2024, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù ṣì jẹ́ 30,000. Ọmọ tó ti parí yunifásítì tí kò ríṣẹ́, tó bá rí ọgọ́rùn-ún dọ́là bẹ́ẹ̀ gbà, lè fi èébú pa owó oṣù márùn-ún nígbà náà. Bí ìlú ṣe ń bàjẹ́ sí i ni èébú ń di iṣẹ́ gidi. Mi ò ní bá a jà pé ó ń wá oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fèsì fún un lọ́fẹ̀ẹ́, tẹ́ ẹ tún fi dátà yín ṣe é, kí lẹ ń gbà níbẹ̀?

Kí ìjọba kúkú ti X pa ńkọ́?

Wọ́n ti dán an wò. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba Bùhárí ti Twitter pa, lẹ́yìn tí Twitter pa ọ̀rọ̀ tó kọ rẹ́. Oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i padà. Gbogbo èèyàn lọ wá VPN, ìyẹn áàpù tó ń jẹ́ kéèyàn gba ẹ̀yìn wọlé síbi tí wọ́n tì, ìjà ń lọ. Lóṣù keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní ohun tí ìjọba ṣe ò bófin mu.

Nínú WhatsApp ẹbí wa, bọ̀ọ̀dá mi àgbà ló ń fi irọ́ àti èébú ẹ̀yà ránṣẹ́ láràárọ̀. Mi ò lè já a nírọ́ lójú gbogbo ẹbí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má já a nírọ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Bẹ́ ẹ bá ṣe é lójú àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ ìbò ti di ọ̀rọ̀ àfojúdi, ẹ̀yin lẹ sì máa dọ̀bálẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ẹ pè é. Ẹ má kọ̀wé sí i, ẹ pè é. Ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè ara rẹ̀, ẹ béèrè bí ọjà ṣe rí ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ epo àti iná títí tó máa fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn, kò rí ẹni bá sọ ọ́ ni. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, fídíò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yẹn, mo rí i pé ó ti pẹ́, wọn ò tiẹ̀ yà á ní Nàìjíríà." Kẹ́ ẹ sì ti wá ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ o. Ẹ ya àwòrán kan láti inú fídíò náà, ẹ fi wá a lórí Google. Ó lè gbé ibi tó ti kọ́kọ́ jáde wá. Ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́ sí òun nìkan. Bó bá fẹ́ pa fídíò náà rẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó pa á rẹ́, ẹ má dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú gúrúùpù.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ádímínì, ẹ lè ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé àwọn ádímínì nìkan ló lè kọ nǹkan ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún ìyá àgbà, torí àwọn ló máa ń fi àdúrà àárọ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì máa rò pé wọ́n lé àwọn kúrò ni.