Èéfín Bódìjà tó bá àrá gòkè lọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kí òjò tó dé, èéfín igi ìdáná àti ti jẹnẹrétọ̀ a bo Bódìjà. Òjò á dá, ojú ọ̀run á mọ́ toní. Ṣé òjò ti gbá gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò. Eruku àti gáàsì tó ń yòrò sómi ni òjò ń gbá wálẹ̀. Kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì, èyí tó ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò rárá. Àwọsánmà àrá tí ẹ ń wò lókè Màpó yẹn, orí rẹ̀ lè ga ju kìlómítà 12 lọ, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ ilẹ̀ sókè. Kó tó pé wákàtí kan, èéfín ìsàlẹ̀ ti lè débẹ̀.

Ìbéèrè: Ta wá gòkè lọ wò ó?

Ìdáhùn: Bàálù ni. Ní 2006, nínú iṣẹ́ ìwádìí AMMA lórí òjò àti ojú ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fò láti Niamey àti Ouagadougou. M-55 Geophysica ti Rọ́ṣíà wà níbẹ̀, ìyẹn lè gun tó kìlómítà 20. Wọn kì í kó sí àárín àrá, nítorí yìnyín. Wọ́n á lọ sí ibi tí orí àwọsánmà ti tẹ́ rẹrẹ bí olú ọ̀gán, kí wọ́n wọn ohun tó ń tú jáde níbẹ̀. Ọ̀pá kékeré kan yọ síta lára bàálù, òun ló ń gba afẹ́fẹ́ wọlé fún ẹ̀rọ. Bàálù ń sáré tó nǹkan bí 200 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ ka kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì tí kò ju nǹkan bí ẹyọ 100 lọ nínú bílíọ̀nù kan ẹyọ afẹ́fẹ́. Ẹ fojú inú wò ó!

Ìbéèrè: Mànàmáná ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Iná rẹ̀ ń so nàìtírójìn àti ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ pọ̀ di gáàsì mìíràn, tí oòrùn á tún fi ṣe gáàsì tí wọ́n ń pè ní ósóònù lókè. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà náà ń tú irú gáàsì yẹn jáde. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ti ọ̀kadà yàtọ̀ sí ti mànàmáná? Kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì ni ẹlẹ́rìí. Bí òun àti gáàsì nàìtírójìn yẹn bá jọ pọ̀ sí i, èéfín ilẹ̀ ló gòkè. Bó bá jẹ́ ti nàìtírójìn nìkan ló ṣàdédé fò sókè, mànàmáná ló ṣe é.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa?

Ìdáhùn: Wọ́n dé Ilé-Ifẹ̀. Ní 2016, iṣẹ́ ìwádìí mìíràn, DACCIWA, tó ń wo àwọsánmà àti èéfín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ níbẹ̀, bàálù wọn sì ń gbéra láti Lomé. Àwọsánmà ìsàlẹ̀ ni wọ́n wá wò, kì í ṣe ti àrá.