Bí Wáyà Ìsáṣọ Ṣe Di Áńtẹ́nà

Ẹ̀rù ìjọba ló kọ́kọ́ mú kí àwọn èèyàn máa dọ́gbọ́n bo áńtẹ́nà rédíò ilé wọn mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé wáyà ń ba ẹwà àdúgbò jẹ́, ẹ̀yìn ni ìyẹn wọlé. Ní Abẹ́òkúta tiwa, kò tilẹ̀ wọlé rárá. Ìlú tó jẹ́ pé téèyàn bá dúró lórí Olúmọ, òrùlé páànù tó ti dógùn-ún ló máa rí lọ títí, ta ni wáyà kan ṣoṣo máa dí lójú níbẹ̀?

Oṣù kẹjọ ọdún 1914 ni ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì pàṣẹ pé kí gbogbo àwọn tó ń fi rédíò alátagbà ṣe ìgbafẹ́ nílé tú wáyà wọn palẹ̀. Oṣù kẹrin 1917 ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kan àwọn ará Amẹ́ríkà. Tiwọn tilẹ̀ le jù: ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tó kàn ń tẹ́tí gbọ́ lásán, òfin mú òun náà. Ó di oṣù kẹrin 1919 kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè láti máa gbọ́, ó sì di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó lè máa sọ̀rọ̀ padà. Ẹ má sì rò pé ohun kékeré ni wọ́n ní kí wọ́n kó kúrò nílẹ̀. Áńtẹ́nà ayé ìgbà náà, òpó gíga ni lẹ́yìnkùlé, wáyà bíi mélòó kan á sì nà láti orí òpó kan dé èkejì. Ọlọ́pàá ò nílò kó béèrè ilé ẹni tó ní in.

Ọkùnrin tó fi hàn pé ohun tó ti wà níta tẹ́lẹ̀ lè ṣiṣẹ́ wáyà ni George Owen Squier, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ní 1904, ní California, ó fi igi eucalyptus dán an wò. Ìṣó ló gbá mọ́ ara igi lókè, ó so wáyà mọ́ ìṣó, ó fà á wálẹ̀ wá sára ẹ̀rọ, àmì sì wọlé. Nígbà tí ogun dé, wọ́n tún fi igi gbọ́ ìròyìn tó ń ti Yúróòpù bọ̀. (Àwa tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ìrókò fún láti kékeré, kí ló fẹ́ yà wá lẹ́nu níbẹ̀?)

Ogun kejì ló sọ ọgbọ́n yìí di iṣẹ́ ẹ̀mí. Láti oṣù kẹsàn-án 1939, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ará Jámánì gbọ́ rédíò ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 1943, àwọn Jámánì tó gba ilẹ̀ Netherlands ní kí gbogbo aráàlú kó rédíò wọn wá. Ní ìlú Ọba fúnra rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1940 de ọjọ́ tí ọ̀tá bá wọ̀lú gbẹ́ ara igi, wọ́n fi wáyà sínú ibẹ̀, wọ́n sì bò ó padà.

Lẹ́yìn ogun ni ọ̀rọ̀ dọwọ́ ẹgbẹ́ onílé. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ra ilé ní ẹ̀sítéètì lè ti fọwọ́ sí i pé òun ò ní gbé áńtẹ́nà síta. Òfin 1985 gba àwọn onírédíò lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kò gbà wọ́n lọ́wọ́ àdéhùn yẹn. Ti 1996 gba áwo sátẹ́láìtì tí kò fẹ̀ ju mítà kan lọ, ó fi àwọn onírédíò sílẹ̀. Ni wọ́n bá kì wáyà bọ inú òpó àsíá, tàbí wọ́n nà án sínú àjà.

Ọgbọ́n inú àjà yẹn gan-an ni kò bá Abẹ́òkúta mu. Páànù irin kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò kọjá wọlé dáadáa, ìta ni wáyà gbọ́dọ̀ wà. Nígbà Rediffusion, rédíò alápòótí ayé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ro irú èyí, torí wáyà ló ń gbé ohùn wọnú àpótí. Ìgbà tí rédíò oníbátìrì tó ń gba ìgbì kúkúrú (shortwave) dé ni wáyà ìsáṣọ wúlò. Wáyà tó bá máa bá ìgbì 7 megahertz, tó wà lára ìgbì kúkúrú, mu, bíi 20 mítà ló máa gùn, ọ̀pọ̀ ẹ̀yìnkùlé sì ní okùn ìsáṣọ tó sún mọ́ ọn. Ẹ gé rọ́bà sílípáàsì tó ti já, ẹ fi so orí wáyà mọ́ òpó kó má fara kan irin. Ẹ wá so wáyà tín-ín-rín mọ́ wáyà ìsáṣọ náà, ẹ fà á gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ lọ́ ọ mọ́ ọ̀pá rédíò. Ẹ lè sá aṣọ sórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, ẹ tètè yọ wáyà tín-ín-rín yẹn lára rédíò kí ẹ jù ú síta, torí àrá.

Oṣù kẹfà 1996 ni irú wáyà bẹ́ẹ̀ tún níṣẹ́ gidi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa Kúdírátù Abíọ́lá ni, ọkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, ṣì wà ní àhámọ́ Abacha. Radio Kudirat, rédíò àwọn tó ń tako Abacha, bẹ̀rẹ̀ láti òkè òkun lórí ìgbì kúkúrú, Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn, sì wà lára àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ ketekete nígbà yẹn kò ní fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá béèrè ohun tí wáyà ń ṣe níta.

Lónìí, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ló ń fún àwọn onírédíò ìgbafẹ́ níwèé àṣẹ, orúkọ ìpè wọn sì máa ń fi 5N bẹ̀rẹ̀. Ìjọba kọ́ ni wọ́n ń fi wáyà pamọ́ fún mọ́, olè tó ń wá kọ́pà tà ni. Wáyà irin tí wọ́n fi ń sá aṣọ kì í gbé ohùn tó ti kọ́pà, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gun ògiri lóru tìtorí ẹ̀.