Àgbádárìgì àti ọ̀nà òfurufú Takoradi

Ọ̀nà òfurufú Takoradi ni ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà kó bàálù ajubọ́ǹbù àti bàálù ìjà lọ sí Íjíbítì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àgbádárìgì wà létí ọ̀nà náà, níbi tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Ítálì wọ ogun ní oṣù Kẹfà 1940, Òkun Mẹditaréníà di eléwu. Ni wọ́n bá ń tú bàálù palẹ̀, wọ́n ń kó o sínú àpótí pákó, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Takoradi ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó padà. Yóò wá gba Èkó, Kánò, Máídúgùrì àti Khartoum dé Káírò, nǹkan bíi 6,000 kìlómítà.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra: bàálù ìjà Hurricane mẹ́fà tẹ̀lé Blenheim kan. Ajubọ́ǹbù elénìyàn mẹ́ta ni Blenheim. Ọ̀kan ń wà á, ọ̀kan ń wo máàpù, ọ̀kan dúró ti ìbọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú Hurricane, kò sì rí ẹni bá a wo ọ̀nà. Bí awakọ̀ ajubọ́ǹbù ṣe di afọ̀nàhàn nìyẹn.

Ibi tó gbẹgẹ́ ni iwájú Tógò àti Dàhòmì, tó di Benin lónìí. Ìjọba Vichy ti ilẹ̀ Faransé, tó ti túúbá fún Jámánì, ló ń darí ilẹ̀ méjèèjì títí di ìparí 1942. Etí òkun Tógò gùn tó kìlómítà 56, ti Dàhòmì tó 121. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú níbẹ̀, ilẹ̀ ọ̀tá ló wà lọ́wọ́ òsì awakọ̀, òkun ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àfi tó bá kọjá Sẹ̀mẹ́ ní ẹnubodè, tó rí ọ̀sà Àgbádárìgì tó nà gbọọrọ lẹ́yìn iyanrìn, kó tó mọ̀ pé òun ti bọ́ sí ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso.

Lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà rí bákan. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 ti pín àwọn Ègùn sí méjì: ti Àgbádárìgì níhìn-ín, ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́hùn-ún. Ogun wá sọ ilé àna di ilẹ̀ ọ̀tá.

Àwọn ọmọ Pólàndì, tí Jámánì ti gba ìlú wọn, wà lára àwọn awakọ̀ náà. Bí wọ́n bá já bàálù sílẹ̀ ní Káírò, wọ́n á tún gbé wọn padà sí Takoradi wá gbé òmíràn. Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Pólàndì tó bá Gẹ̀ẹ́sì jà kò padà sílé mọ́, torí ìjọba Kọ́múnísìtì tó gorí àlééfà níbẹ̀. Òfin kan ní 1947 ló fún wọn láyè láti fìdí kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàálù tó gba ọ̀nà yìí títí di oṣù Kẹwàá 1943 lé ní 5,000. Ní 1946 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ bàálù akérò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WAAC, sílẹ̀, ó sì ń ná Èkó sí Àkrà. Bristol, iléeṣẹ́ tó ṣe Blenheim, ló ṣe díẹ̀ nínú àwọn bàálù rẹ̀.