Bí wọ́n ṣe ń dá olórin, olùkọ́ orin àti alátìlẹ́yìn wọn lọ́lá nílẹ̀ Ókùn

Láti Kábà dé Ìsánlú, láti Mopá dé Ẹ̀gbẹ̀, kò sí ìlú Ókùn kan ní Ìpínlẹ̀ Kogí tí kò ní ẹni tó ti ń lé orin fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé kankan. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ ìdánilọ́lá nìyẹn. Ohun tí àwùjọ ń rí lọ́jọ́ náà ni agbádá, àtẹ́wọ́ àti fọ́tò. Iṣẹ́ gidi ti parí kí wọ́n tó pa àgọ́. Ó wà nínú ìwé oríyìn olójú ewé kan tí wọ́n kọ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ti wádìí gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ dáadáa.

Oṣù márùn-ún ni ètò náà ń gbà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni wọ́n fẹ́ ẹ sí, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú ti Lọ́kọ́ja, Àbújá àti Èkó dé, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ti jókòó ní ìparí oṣù Keje. Àwọn mìíràn máa ń so ó mọ́ ọdún ìbílẹ̀, bí irú ọdún iṣu tuntun ní Ògìdì. Èrò kì í wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n ètò ọdún máa ń kún, wọn a sì ti ìdánilọ́lá sí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn àgbà ti ń wá ọ̀nà ilé. Kí wọ́n gba wákàtí tiwọn lọ́wọ́ àwọn tó ni ọdún, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ètò.

Èèyàn méje tó fún ìgbìmọ̀, kí ìbò má baà dọ́gba. Ó yẹ kí onílù kan wà níbẹ̀, olórí ẹgbẹ́ akọrin kan, obìnrin kan tó mọ orin àwọn obìnrin ìlú, olùkọ́ kan tó ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, ẹnì kan láti ààfin, ọ̀dọ́ kan tó mọ kọ̀ǹpútà lò, àti akápò. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ bàbá, ìyá, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ yóò jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kàn án, akọ̀wé yóò sì kọ ọ́ pé ó jáde. Ibi tí ẹ̀sùn ojúsàájú ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, ìlà kan nínú ìwé ìpàdé ló sì ń pa á.

Oyè ìlú ò sí lára ohun tí ìgbìmọ̀ lè fúnni. Ọba ló ni oyè, ó ní ìlà ìdílé àti ojúṣe tirẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ ni ti ìgbìmọ̀, wọ́n kàn gbọ́dọ̀ fi tó ààfin létí kí wọ́n tó kéde orúkọ ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń pín àwọn tí wọ́n dárúkọ sí: olórin, olùkọ́ orin, alátìlẹ́yìn. Ẹ má ṣe kó wọn pọ̀ sórí òṣùwọ̀n kan. Bí a bá gbé ẹni tó ra dùùrù fún ìjọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó fi ogójì ọdún lu ìlù, owó ni yóò borí, ìlú á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún olórin, òṣùwọ̀n tó ṣe é lò ni ọgọ́rùn-ún máàkì: ogójì fún iṣẹ́ tó ti ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ọgbọ̀n fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ogún fún ìwúlò rẹ̀ níbi ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ọdún ìlú, mẹ́wàá fún ìwà. Èèyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ yóò bẹ̀ ẹ́ wò nílé. Bí onílù bá ni, kí wọ́n ní kí ó gbé ìlù jáde, kí wọ́n wo ibi tí ọwọ́ ti jẹ kọ̀ǹgọ́, kí wọ́n bi í pé ta ló ń pààrọ̀ awọ, ta ló ń so ọṣán, ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ ọ, àwọn wo ló sì kọ́. Ẹni tó ń tún ìlù ara rẹ̀ ṣe máa ń dáhùn láìronú, á sì dárúkọ èèyàn àti àdúgbò.

Ìgbà ìbẹ̀wò yẹn náà ni kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, torí àǹfààní mìíràn lè má sí. Kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n sì ṣe fóònù kí ìpè má lè wọlé. Mítà kan sí ẹnu ló dára fún ohùn. Ìlù ńkọ́, kí fóònù wà ní bíi mítà mẹ́ta, nítorí bí ó bá sún mọ́ ọn jù, ohùn á fọ́, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe mọ́. Kí ẹni tó ń gbà á kọ́kọ́ sọ ọjọ́, orúkọ àti ìlú. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí wọ́n ṣe, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn. Bí orin bá jẹ́ ti Yàgbà, Òwé, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, bí ó ṣe jáde lẹ́nu ni kí wọ́n kọ ọ́. Àwọn akọ̀wé tó bá sọ ọ́ di Yorùbá ilé ìwé ń ba ohun tí wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò jẹ́.

Ti olùkọ́ orin ṣòro jù, nítorí ẹnu ẹlòmíì ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń jáde. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìwé tó fi ọwọ́ kọ, tí sọ́fà (àmì ohùn orin: dò, rè, mí) wà nínú rẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ orin, orúkọ àwọn akọrin ọdún dé ọdún, àti ó kéré tán ọmọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí àwọn náà ń darí ẹgbẹ́ akọrin lónìí. Ní Yàgbà, níbi tí ìjọ ECWA ti gbilẹ̀, àti ní Kábà níbi tí ìjọ Àgùdà àti Áńgílíkà ti ti pẹ́, irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n ya fọ́tò wọn kí ikán tó dé ibẹ̀.

Fún alátìlẹ́yìn, ohun tó ti fi lélẹ̀ nìkan ni kí wọ́n kà, kì í ṣe ìlérí. Ẹni tó fi pálọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbaradì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó ń bọ́ akọrin, awakọ̀ tó ń gbé wọn lọ òde láìgba owó: alátìlẹ́yìn ni gbogbo wọn, wọ́n sì máa ń ju olówó lọ.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń kọrin níbi ìsìnkú àgbà sábà máa ń bọ́ sílẹ̀ pátápátá, torí pé kò sí orúkọ ẹnì kan lórí orin wọn. Kí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ fún ẹgbẹ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìyá tó ń lé orin sínú ìwé oríyìn. Bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ́ sí bá ti kú, olórí ẹbí ni yóò kọ̀wé pé ẹni báyìí ló máa gbà á. Láìsí ìwé yẹn, ọmọ méjì lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà lórí ìtàgé.

Ìwé oríyìn kò gbọ́dọ̀ ju 250 ọ̀rọ̀ lọ, ìyẹn bíi ìṣẹ́jú méjì lẹ́nu. Ohun tí ẹni náà ṣe, ibi tó ti ṣe é, àwọn tó kọ́. “Èèyàn àtàtà ni” kò sọ nǹkan kan. Kí wọ́n kà á fún un nílé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún ọdún àti orúkọ tí wọ́n ṣì ṣe.

Àṣìṣe tó ń dunni jù ni ti orúkọ lórí àmì ẹ̀yẹ. Òjó ni orúkọ; òjò ló ń rọ̀; ọjọ́ ni wọ́n ń kà. Bí wọ́n bá kàn tẹ orúkọ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ sára àmì ẹ̀yẹ, lẹ́tà tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè má gba àmì, á sì já wọn sílẹ̀ tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò wọn. Kí wọ́n fi PDF ránṣẹ́, kí wọ́n gba fọ́tò àpẹẹrẹ padà, kí olùkọ́ Yorùbá inú ìgbìmọ̀ buwọ́ lù ú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni kí wọ́n ti fi iṣẹ́ náà lélẹ̀. Pákó sàn ju dígí lọ, nítorí ó di dandan kí ẹrù náà gba ọ̀nà tó ní kòtò.

Lọ́jọ́ náà, ẹni méjìlá ló pọ̀ jù. Ìṣẹ́jú méjì fún kíkà, mẹ́ta fún dídìde, gbígba àmì àti fọ́tò: wákàtí kan gbáko nìyẹn. Àwọn àgbà ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè, kí àga wọn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, kí ẹnikẹ́ni má gun àtẹ̀gùn. Owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ olórin níwájú orí a máa bo kíkà mọ́lẹ̀, òfin Báǹkì Àpapọ̀ ọdún 2007 sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Inú àpòòwé ni kí ẹ̀bùn wà.

Kí wọ́n tó gbé orin tí ẹnì kan dá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ọdún 2022 ń dáàbò bo orin ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó dá a, àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà àṣẹ lè wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ayẹyẹ, akọ̀wé yóò kó ìwé oríyìn méjèèjìlá pọ̀ di ìwé kan, yóò fi ẹ̀dà kan sí ààfin, ọ̀kan sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú, yóò sì gbé àmì ẹ̀yẹ lọ bá àwọn tí àìsàn kò jẹ́ kí wọ́n wá. Kí ó ka ìwé wọn fún wọn lójú ẹbí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ àwọn tí ipò kò tó fún lọ́dún yìí ló ń ṣí ìwé ìpàdé oṣù Keje tó ń bọ̀.