Fáíbà kì í mú serial yára sí i

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé tí wọ́n bá fi okùn fáíbà, ìyẹn okùn gíláàsì tó ń gbé ìmọ́lẹ̀, rọ́pò wáyà bàbà láàárín ẹ̀rọ méjì tó ń lo RS-232 tàbí RS-485 (ìlànà serial méjì, tó ń fi bíìtì ránṣẹ́ lórí wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan), ọ̀rọ̀ wọn á máa yára sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ tó ń fi bíìtì (òdo tàbí ení) 9,600 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní fi ẹyọ kan kún un torí pé ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ẹni tó máa ń fa ọ̀rọ̀ sọ: ohùn rẹ̀ á dé ọ̀nà jíjìn, àmọ́ á ṣì máa fà á ni. Ìdádúró díẹ̀ tiẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kìlómítà 20 á gba máíkrósẹ́kọ́ǹdì (ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) 200. Àsìkò bíìtì méjì nìyẹn ní 9,600. Ní 115,200, ó lé ní ti bíìtì 20.

Ọ̀nà jíjìn ni fáíbà wà fún. RS-232 kì í sábà kọjá mítà 15, RS-485 sì lè dé mítà 1,200 bí ìyára rẹ̀ bá kéré. Fáíbà singlemode, irú èyí tí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ tín-ín-rín gan-an, ń dé kìlómítà 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíláàsì kì í sì í gbé iná: bí irin kò bá sí lára okùn náà, àrá tó ba ẹ̀rọ jẹ́ níhìn-ín kò lè gba inú rẹ̀ dé ọ̀hún.

Àpótí kékeré tó ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀ ní orí okùn kọ̀ọ̀kan ni ọgbọ́n wà, pàápàá fún RS-485 oníwáyà méjì. Lórí wáyà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. RS-485 sọ bí iná ṣe gbọ́dọ̀ rí, kò sọ bí a ó ṣe mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, àléébù ńlá sì nìyẹn lójú ẹni tó bá ń ṣe àpótí yìí. Àpótí náà ní láti fura fúnra rẹ̀. Bí bíìtì ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó ń ṣáájú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bá ti fáíbà wọlé, á gba wáyà. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá pẹ́ tó, á fi í sílẹ̀. Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Lẹ́tà kan ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì kan ní 9,600, ṣùgbọ́n ní 115,200 kò tó máíkrósẹ́kọ́ǹdì 90. Àpótí tí wọ́n tò fún 9,600 á ṣì di wáyà mú nígbà tí ẹ̀rọ tó yára ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn náà á sì bàjẹ́. Àpótí náà tún gbọ́dọ̀ di etí ara rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, kó má baà dá ọ̀rọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ fáíbà wá padà sínú fáíbà. Torí pé ìdákẹ́jẹ́ náà gbọ́dọ̀ bá ìyára mu ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ní súìṣì kékeré tí a fi ń yan ìyára. Ibẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò bí ìdáhùn bá ń wọlé láìní orí, ká tó dá fáíbà lẹ́bi.